Èsì: iṣẹ́ wo ni káńsẹ́lọ̀ ń ṣe gan-an?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ l'Ádó-Èkìtì, ẹ wá ń bèèrè bóyá iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀. Ó wà o! Ìwé òfin 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti kíkó pàǹtírí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣòfin ìbílẹ̀, àwọn náà ló yẹ kó máa yẹ ìnáwó alága wò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kàn ń fọwọ́ síwèé ni. Láti July 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kí owó ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ojú tí yóò ka ìwé owó ṣe pàtàkì. SIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ wa, ló ń ṣètò ìbò káńsẹ́lọ̀, kì í ṣe INEC tìjọba àpapọ̀.