Ẹ̀yìn Ń Dùn Mí, Iṣẹ́ Méjì Ni Mò Ń Ṣe: Ta Ló Máa Sanwó Àìsàn Fún Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Manchester ni mo wà, ìyàwó mi ló ni vísà, èmi tẹ̀ lé e wá ni. Mò ń ṣe kíà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, lábẹ́ àjẹ́ńsì, tó bá di wíkẹ́ńdì màá fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fáwọn èèyàn, ìyẹn ni ti ara mi. Níbi tá a ti ń gbé bàbá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀yìn mi ti dún pàù, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Àjẹ́ńsì ní kò sówó àìsàn fẹ́ni tó wà lórí zero-hours, ìyẹn iṣẹ́ tí kò ní iye wákàtí pàtó. Wọ́n tún kọ "no public funds" sí vísà wa, pé a ò gbọ́dọ̀ gba àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba kan, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Irọ́ làjẹ́ńsì yẹn pa fún yín. Zero-hours ò ní kéèyàn má gba Statutory Sick Pay (SSP), owó àìsàn tí òfin ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ máa san, ẹnu iṣẹ́ wọn gan-an lẹ sì wà nígbà tẹ́yìn dún. Owó ọ̀hún ò tó nǹkan ṣá, £118.75 lọ́sẹ̀ ló jẹ́ ní 2025, ó sì lè lọ títí dé ọ̀sẹ̀ 28. Tẹ́lẹ̀ wọn kì í san ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òfin tuntun ti fagi lé ìyẹn láti April 2026. Ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ti tó, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ nílò fit note, ìwé tó fi hàn pé ara yín ò yá láti ṣiṣẹ́, kò sì di dandan kó jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, físíò àtàwọn apoògùn náà lè kọ ọ́.

Ti kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin lọ̀gá ara yín níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa san án. Ohun táwọn tó ń ṣe tara wọn lè béèrè ni New Style ESA, owó tí ìjọba ń fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, National Insurance (owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba) ọdún méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi ń wò ó, ẹ ò sì lè gbà á pọ̀ mọ́ owó àìsàn àjẹ́ńsì, ìgbà tí ìyẹn bá tán ni. Ẹ̀yin ṣì ń san National Insurance lórí iṣẹ́ kíà, ìyẹn ń kà. Ẹni tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gùn ni mò ń rò, tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, kò ní rí kọ́bọ̀. Tí èrè ẹ̀ ò bá tó £6,845 lọ́dún 2025 sí 2026, ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ san Class 2, ìyẹn National Insurance àwọn tó ń ṣe tara wọn, £3.50 péré lọ́sẹ̀!

Ní ti vísà, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó méjèèjì yìí ò sí lára public funds. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fẹ́ni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ló wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ kọ e-mail sí àjẹ́ńsì lónìí. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi san án sínú fọ́ọ̀mù SSP1, kẹ́ ẹ mú ẹjọ́ wọn lọ bá HMRC. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má lọ rí yín lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé o, ẹ̀yìn tí ò lè gbé arúgbó, báwo ló ṣe ń gun òkè?