Windows 11 kọ̀ láti wọlé sórí laptop mi: ṣé kí n gbà kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn. Windows 10 ni laptop tokunbo tí mo rà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ń lò. Nígbà tí mo gbọ́ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, mo ní kí n gbé e bọ́ sí Windows 11, nítorí PC Health Check, sọ́fítíwíà Microsoft tí ń yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó lè gba Windows 11, sọ pé ẹ̀rọ náà kún ojú ìwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú. Yóò wà á sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tan, lẹ́yìn náà ni yóò kọ "Undoing changes made to your computer", tí yóò sì padà sí Windows 10. Nọ́ńbà tí ó gbé jáde kẹ́yìn ni 0xC1900101 - 0x30018. Ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì ẹ̀rọ yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe àmì pé laptop yín ti bàjẹ́. Kí ìgbésókè tó bẹ̀rẹ̀, Windows máa ń tọ́jú ẹ̀dà ti àtijọ́ pamọ́ kí ó lè rí ibi padà sí bí ọ̀nà bá dí. Ó bá ìdènà pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé ní pípé. Ẹni tí ó bá fọ́máàtì yóò mú ìdènà náà kúrò, yóò sì gbá iṣẹ́ ọdún mẹ́fà yín lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Fáìlì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹ wá hard disk alágbèéká tàbí fláàṣì tí ó láyè dáadáa, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà Desktop, Documents, Downloads àti Pictures sínú rẹ̀. Ẹ má gbà pé ó ti wọlé títí ẹ ó fi kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí èsì kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò níbẹ̀, nítorí mo ti rí ẹni tí ó gbé ọkàn lé fláàṣì tí ó jẹ́ pé shortcut lásán ló wà nínú rẹ̀, tí fáìlì gan-an ṣì wà lórí laptop tí wọ́n ti fọ́máàtì.

Ẹ tún wo inú Settings bóyá BitLocker tàbí Device encryption, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti hard disk pa kí ẹlòmíràn má lè ka inú rẹ̀, wà ní títàn. Bí ó bá wà ní títàn, ó ní kọ́kọ́rọ́ kan tí ó jẹ́ dígíìtì 48, inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi wọ ẹ̀rọ náà ni ó sì sábà máa ń wà. Ẹ wá a jáde, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé tokunbo ni ẹ̀rọ yín: bí kọ́kọ́rọ́ náà bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun, tí ẹ̀rọ sì béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi pàápàá kò ní lè bá yín ṣí i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pa BitLocker náà pátápátá, kí ẹ dúró kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka nọ́ńbà tí ó gbé jáde, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti sọ ohun tí ó ń ṣe é. Apá méjì ni. Apá àkọ́kọ́, 0xC1900101, driver ni ó sábà máa ń tọ́ka sí, ìyẹn àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tí Windows fi ń bá Wi-Fi, ojú ẹ̀rọ, hard disk àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Apá kejì, 0x30018, sọ ibi tí iṣẹ́ dé kí ó tó dúró. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé x ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ 1, Windows àtijọ́ ṣì ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ 2, Windows kékeré kan tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó wà lórí ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ 3, Windows tuntun ti tan fún ìgbà àkọ́kọ́, bí ó bá sì jẹ́ 4, ó ti tan lẹ́ẹ̀kejì. Ti yín jẹ́ 3. Ìyẹn ni pé Windows 11 ti wọlé, ó ti jí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gba àwọn driver tí ó bá nílé, ọ̀kan nínú wọn kọsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kàn ń wà á sílẹ̀ léraléra, dátà yín ni ẹ ń fi ṣòfò. Ibi kan náà ni yóò máa dúró sí.

Lọ́dún tó kọjá, oníṣòwò ìwé kan gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi, kóòdù rẹ̀ sì bá ti yín mu. Kò sí ohunkóhun tí ó so mọ́ laptop rẹ̀. Mo ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ gbogbo ohun èlò ẹ̀rọ sí, mo tẹ View, mo sì yan "Show hidden devices". Àwọn àwòrán kan yọ tí àwọ̀ wọn ṣá, bí ìgbà tí eérú bà lé wọn: modem íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ó ti lò láti ọdún pípẹ́, tí ó ti sọ nù tàbí tí ó ti fún ọmọ, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ó ti tà. Ohun èlò ti lọ, driver wọn kò lọ. Mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní bọ́tìnì ọ̀tún, mo yan Uninstall device, mo sì sàmì sí àpótí tí ó ní kí driver náà bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, Windows 11 wọlé láìjanpata. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí àwọ̀ wọn ṣá, tí ẹ sì dá mọ̀, nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Tí ẹ kò bá mọ ohun tí nǹkan kan jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ laptop: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, modem, memory card, àti ohunkóhun tí ó wà lójú USB yàtọ̀ sí mouse. Bí ẹ bá ní antivirus tí kì í ṣe ti Windows, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Pípa á fún ìgbà díẹ̀ kò tó. Ẹ má bẹ̀rù, Defender ti Windows fúnra rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ náà. Kí ẹ wá dojú laptop dé, kí ẹ kọ nọ́ńbà móódẹ́lì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ojúlé iléeṣẹ́ tí ó ṣe é láti gba driver tuntun ti Wi-Fi, ti ojú ẹ̀rọ àti ti hard disk. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn sọ́fítíwíà tí ń kígbe pé àwọn yóò wá gbogbo driver fún yín; wọ́n wà lára ohun tí ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní BIOS tuntun wà, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó tan, ẹ lè fi sí i, àmọ́ kí bátìrì kún, kí ṣájà wà nínú iná, kí ẹ sì má ṣe é nígbà tí ẹ ń fura pé iná fẹ́ lọ, nítorí BIOS tí iná bá já mọ́ lọ́wọ́ lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ tan mọ́.

Ẹ fi ó kéré tán gígábáìtì 20 sílẹ̀ lórí hard disk. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún Windows 10 ṣe fúnra rẹ̀: ẹ wá Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ yan "Run as administrator", kí ẹ sì tẹ ìlà méjì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkíní parí kí ẹ tó tẹ èkejì. Èkíní máa ń pẹ́, ó sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

sfc /scannow

Nígbà tí ẹ bá máa tún ìgbésókè náà ṣe, ẹ má gba Windows Update kọjá mọ́. Ẹ lọ sí ojúlé Microsoft, kí ẹ gba fáìlì ISO Windows 11, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ohun tí a fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ó ju gígábáìtì 5 lọ, nítorí náà ẹ wá ibi tí dátà kò ti wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó sì gbà á. Ẹ tẹ ISO náà lẹ́ẹ̀mejì láti inú Windows 10, kí ẹ sì ṣí setup.exe. Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà jù. Bí ẹ bá fi ISO sí fláàṣì, tí ẹ pa laptop, tí ẹ wá fi fláàṣì náà tan án, kì yóò fún yín láǹfààní láti mú sọ́fítíwíà àti ètò yín dání. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tí Windows 10 ń ṣiṣẹ́. Níbi tí ó bá ti sọ pé òun fẹ́ wá ìmúdójúìwọ̀n, ẹ tẹ "Change how Setup downloads updates", kí ẹ yan "Not right now". Níbi tí ó bá ti béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mú dání, "Keep personal files and apps" ni kí ẹ yan. Bí kò bá fún yín láǹfààní láti yan ìyẹn, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ Install.

Bí ó bá wọlé, ẹ ó rí fódà kan tí ó ń jẹ́ Windows.old. Ẹ má ì tíì pa á rẹ́. Ọjọ́ 10 ni ẹ ní láti fi padà sí Windows 10 bí nǹkan kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, inú fódà yẹn ni ẹ ó sì gbà padà.

Bí ó bá tún kọ̀, ẹ ṣí disk C, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fódà tí ó fara pamọ́ hàn, kí ẹ wọ $WINDOWS.~BT, lẹ́yìn náà Sources, lẹ́yìn náà Rollback. Fáìlì setuperr.log wà níbẹ̀. Ẹ fi Notepad ṣí i, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ sókè. Ẹ fi ogún ìlà tí ó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú kóòdù tuntun tí ó bá gbé jáde. Bí nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé x bá ti kúrò ní 3 bọ́ sí 4, ìdènà àkọ́kọ́ ti kúrò nìyẹn, òmíràn ni a ó jọ máa wá.