Bọ́ọ̀sì tó ti dúró fún oṣù 4: ṣé sáfíìsì ẹ́ńjìnnì tó fún ìrìn Ilé-Ifẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Àwa ọ̀rẹ́ 12 tá a jọ jáde ilé ìwé gírámà ní Kàbà fẹ́ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní bọ́ọ̀sì Hiace tó ń gba èèyàn 14, àmọ́ ó ti wà lójú kan fún oṣù 4. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní ká pààrọ̀ ọ́ìlì, ká fọ pọ́lọ́ọ̀gì, ká máa lọ. Ṣé ìyẹn tó?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Kò tó. Inú mi dùn sí ìrìn yín, torí ọ̀pọ̀ ìlú wa nílẹ̀ Ọ̀kun ló ń sọ pé Ifẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ ó rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ ó wá mẹkáníìkì, ọjọ́ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ ó padà sílé. Táyà tó bẹ́ lórí eré, tàbí bíréèkì tó kọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀.

Torí náà, táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí táyà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tẹ́ ò bá rí i níta, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó lè wà lápá inú. Àwọn FRSC máa ń kìlọ̀ pé ká má lo táyà tó ti ju ọdún 4 lọ, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta táyà tòkunbọ̀ fún yín fún ìrìn yìí, bó ti wù kó dán tó.

Wọ́n fa bọ́ọ̀sì kan wá bá mi nígbà kan láti ọ̀nà Ìyámoyè. Sípéà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè sí i ló bẹ́. Dẹ́rébà ń búra pé táyà tuntun ni, kò sì parọ́: irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tí táyà tuntun máa ń ní ṣì wà lójú ẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ni ilà tín-ín-rín bá yọ káàkiri bíi gìgísẹ̀ tó là lọ́yẹ́. 0911 ló wà lára ẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń gbé láti ọdún pípẹ́, kò rin ìrìn kan, síbẹ̀ rọ́bà ẹ̀ ti kú. Ẹ yẹ sípéà tiyín wò bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ mẹ́rin yòókù.

Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kẹ́ ẹ wọn afẹ́fẹ́. Iye tó yẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn dẹ́rébà. Bí táyà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ga sí i fúnra ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fọ́kánáísà kankan jò ó dànù lójú ọ̀nà.

Ó wá ku bíréèkì. Ọkọ̀ tó ti dúró fún oṣù 4, ìpẹtà á ti wà nínú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì wo páàdì iwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì bó bá ti tó ọdún 2. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná gan-an, omi náà á hó, á di atẹ́gùn nínú páìpù, ẹsẹ̀ dẹ́rébà á sì wọlẹ̀ láìsí ohun tó mú un. Ọ̀nà yín ló mú kí n tẹnu mọ́ ọn: láti Kàbà gba Òmùò, Ìkọ̀lé àti Adó, ẹ ó bá àwọn òkè tó wà láàárín Arámọkọ sí Ẹrìnmọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ Iléṣà. Níbẹ̀, kí dẹ́rébà ti fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi í sí firíì kí epo má baà jẹ púpọ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bátìrì, fáànù bẹ́ẹ̀tì, omi rédíátọ̀, ináa bíréèkì: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mẹkáníìkì yín máa fi wò wọ́n. Kúlà ìpápánu yín, páálí omi àti àpò tó bá wúwo, ilẹ̀ inú ọkọ̀ ni kó wà. Ẹrù tó wúwo lórí rúùfù máa ń mú kí bọ́ọ̀sì fẹ́ dojú dé ní kọ́nà.

Ìrìn náà ju 200 kìlómítà lọ, ẹ má sì rìn ín lálẹ́. Ẹ sùn sí Ifẹ̀. Òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn kàn fojú gán-án-ní kó sáré padà. Mùsíọ́mù tó wà lẹ́bàá ààfin náà ń dúró dè yín.

Bẹ́ ẹ bá dé Ìkọ̀lé, ẹ dúró. Kí ẹnì kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kan irin. Èyí tó bá ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, bóyá bíréèkì ló dì mọ́ ọn, bóyá afẹ́fẹ́ ẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Ẹ wá fi sípánà gbá gbogbo nọ́ọ̀tì mú, pàápàá ti táyà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, torí ó máa ń tú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́.