Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi máa dúró ṣeré lẹ́yìn ilé ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kàbbà ni à ń gbé. Ilé ìwé ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, fẹ́ máa kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ìdárayá láti aago 4 sí 5, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Ara ọmọ ti ń yá gágá. Ẹ̀rù oòrùn ló ń bà mí, nítorí AS ni jínótáìpù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ní lẹ́sọ̀n ló yẹ kó lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kí ẹ tó gbà fún wọn, ẹ yà sí pápá wọn nírọ̀lẹ́ kan, kí ẹ wo iye ọmọ tó ń sáré ní tòótọ́.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí mo máa ń rí ní ilẹ̀ Òkun wa, ní agbègbè Kàbbà yìí: bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń gbá a, àwọn tó kù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ń wòran. Wákàtí kan á kọjá, ara ọmọ tó ń wòran kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní 2020 ni pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba, ṣe ohun tó ń mú kí èémí rẹ̀ yára. Ó kéré tán, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí eré tó le, àti èyí tó ń fún egungun àti iṣan lágbára, wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti ń ṣe dáadáa. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kó tó tún mí, eré náà ti le nìyẹn.

Ẹ bẹ tíṣà pé kí wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n sì fi ten-ten, súwè àti fífò okùn kún un. Èmi fẹ́ràn àwọn eré wọ̀nyí gan-an, torí fífò ń mú egungun ọmọ le, àwọn ọmọbìnrin náà kì í sì í sá fún wọn. Ní ọjọ́ yòókù, ìrìn ilé ìwé, omi pípọn àti iṣẹ́ oko wà nínú ìṣirò. Ọmọ tó bá ti oko dé ní Sátidé, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ní ti Bàbá, kò pọn dandan kí a mú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀. Ìdárayá máa ń ran ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́. Ẹ fi lẹ́sọ̀n sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

AS kì í ṣe àìsàn. Ọmọ AS lè ṣeré bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ṣe pàtàkì fún un: kó mu kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún máa mu láàárín eré. Bí ó bá ní ó ti rẹ òun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá mú un sáré, pàápàá láti oṣù kejì sí ìkẹrin tí ooru máa ń mú gan-an. Nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n wá ibòji. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà díẹ̀ jẹ kó tó lọ. Ọmọ SS, èyí tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń bì, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, kí ẹ da omi tutù sí i lára. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ń dàrú, ọsípítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá dákú níbi tó ti ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn, kò gbọdọ̀ padà sí pápá àfi tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.