Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Kílò Mélòó Ni Jíìpù Kékeré Yìí Gan-an?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Suzuki LJ10 kan tí wọ́n ṣe ní 1971, mo sì fẹ́ tú u palẹ̀ pátápátá kí n tún un tò. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo wà á lọ sórí ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kílò 660 ló gbé wá. Ìwé ọkọ̀ ní kílò 590 ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Mo tún fẹ́ máa wọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo bá ṣe ń tú u. Ibo ni kí n ti mú un?"

Àbúrò mi, o kú orí ire ọkọ̀ náà. LJ10 ni àkọ́bí ìran tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Jimny. Suzuki ra iṣẹ́ ọkọ̀ ON360 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Hope, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1970 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 359 cc, písítínì méjì, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, agbára ẹṣin 25. Òfin Japan nígbà náà kò gbà kí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kei, gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí sípéà táyà rẹ fi wà nínú ọkọ̀, níbi tí ẹnì kẹrin ì bá jókòó sí. Lára ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, kílò 70 kì í ṣe ohun à ń gbójú fò. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Èmi náà á kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìbéèrè: ṣé o sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó wọn ọkọ̀ yẹn, àbí o jókòó sídìí sítíárìn? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ka ara wọn mọ́ ẹrù. Yàtọ̀ síyẹn, ìwọ̀n ọkọ̀ akẹ́rù kì í ka kílò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí ogún ogún ló ń kà, torí ẹrù tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún. 660 tí o rí lè jẹ́ 652, ó sì lè jẹ́ 668. Lẹ́yìn náà ni epo tó wà nínú táǹkì, jáàkì, sípánà abẹ́ àga, àti ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ inú ṣáásì láti ìgbà tí wọ́n ti ń wà á ní pápá.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Willys MB, jíìpù ológun Amẹ́ríkà, torí ìwúwo méjì ló kọ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Láìsí epo àti omi, ó jẹ́ pọ́ùn 2,337, bíi kílò 1,060. Tí epo àti omi bá wà nínú rẹ̀, pọ́ùn 2,453, bíi kílò 1,113. Wò ó bóyá ó bára mu: táǹkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 57, lítà epo bẹntiróò kan kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò lọ, ìyẹn ń lọ sí kílò 42. Omi rádíétọ̀ lé díẹ̀ ní lítà mẹ́wàá. Ro wọ́n pọ̀, wàá bá kílò 52 àti díẹ̀, iye náà gan-an tó wà láàárín ìwúwo méjèèjì. Bí ìwé ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iye tí kò bá sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, má fi tìrẹ wé e. Nínú ìwé tìrẹ, ní iwájú gbogbo iye, kọ ọ́: epo ẹ̀kún táǹkì tàbí òfìfo, sípéà wà tàbí kò sí, kànfáàsì òrùlé wà tàbí kò sí.

Kí o tó tú bóòtù kankan, wọn ọkọ̀ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn láti mọ ìwúwo ara rẹ̀ ló sábà máa ń wà nílé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gbà ju kílò 150 tàbí 180 lọ. Ká ní kílò 590 pín dọ́gba, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé 147 àtààbọ̀. Àmọ́ kì í pín dọ́gba, iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà ló máa ń gbé jù. Nítorí náà, to ìwọ̀n méjì sábẹ́ táyà, gbé pákó tó nípọn lé wọn lórí, kí táyà sì dúró lórí pákó. Ro ohun tí ìwọ̀n méjèèjì kà pọ̀, kí o yọ ìwúwo pákó kúrò. Tó bá jẹ́ méjì péré lo ní, ṣe ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ṣùgbọ́n fi igi tó ga tó ìwọ̀n àti pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù. Bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju ìyókù lọ, á gba ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Tú bíréèkì ọwọ́, ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà lè fara balẹ̀, kí o sì fi igi há táyà tó wà lórí ìdúró. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni o, má ṣe é lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nígbà tí o bá ní iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ro iwájú òsì pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún, kí o ro iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn òsì. Tí méjèèjì bá jìnnà síra, sípíríǹgì kan ti rẹ̀ tàbí ṣáásì ti wọ́. Ó dára kí o mọ̀ ọ́n kí o tó kun ọ̀dà tuntun sí i.

Ó wá kan títú. Fa epo, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíá àti ti ásùlù síta, kí o wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tí o ti mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ̀yà tó bá jáde, wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, fọ̀ ọ́, tún un wọ̀n. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan tó, wọ́n ń tètè. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Láti ara iye àkọ́kọ́ lo ti máa mọ̀ bóyá àròpọ̀ ẹ̀yà bá odindi ọkọ̀ mu. Iye kejì ni ti ọkọ̀ gan-an. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì, má wọ̀n wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kó ti apá kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, wọ̀n wọ́n pọ̀, kí o sì lẹ ìwé mọ́ agolo náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ ni àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ méjì-méjì. Mọ́gáàdì òsì àti ọ̀tún, sípíríǹgì méjì iwájú, méjì ẹ̀yìn, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì mẹ́rin, ríìmù pẹ̀lú sípéà. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ yẹ kó wúwo bákan náà, nítorí náà o kò nílò ìwé ẹnikẹ́ni láti dá wọn lẹ́jọ́. Gbé mọ́gáàdì òsì lórí ìwọ̀n, gbé ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá fi kílò kan àtààbọ̀ wúwo ju èkejì lọ, yí i dojú dé kí o wo inú. Wàá sábà rí ojú ìjó-irin, àmì òòlù, àti pọ́tì tí wọ́n fi dí kòtò lóde kí wọ́n tó kùn ún. Fa òòfà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níbi tí pọ́tì bá ti nípọn, kò ní gbá a mú. Dúrọ́ọ̀mù tó fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti jẹ inú, wọn fífẹ̀ inú rẹ̀ kí o tó dá a padà. Sípíríǹgì tó fúyẹ́, ka irin pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè ti yọ ọ̀kan nígbà tó ṣẹ́, kó má sì fi òmíràn rọ́pò. Kílò 70 rẹ yẹn, mo gbà pé díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà, ní ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń jó irin tuntun lé irin tó ti dípẹtà láìgé ti àtijọ́ kúrò.

"Ọ̀gá, mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Jíìpù àtijọ́ ni mo fi ń najú. N kò lè gbé gíáàbọ́ọ̀sì mọ́ra kí n gun ìwọ̀n mọ́. Ìwọ̀n kékeré kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ọ̀nà kan wà?"

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ má gbé e mọ́ra rárá. Ẹ wá pákó líle tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ díẹ̀. Ẹ gbé orí rẹ̀ kan lé ìwọ̀n, ẹ gbé orí kejì lé igi tó ga tó ìwọ̀n náà, kí pákó tẹ́jú. Ẹ fi ọ̀pá irin róbótó kékeré sábẹ́ orí méjèèjì kí ẹrù má bàa tàn káàkiri, àárín ọ̀pá méjèèjì yìí ni sẹ̀ǹtímítà 120 wà. Ẹ ka ìwọ̀n nígbà tí pákó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ ìgbẹ́rù sọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ sórí pákó níbi tó bá bọ́ sí, ẹ kà á, ẹ yọ ti pákó kúrò. Ká sọ pé 30 ló kù. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ìwọ̀n àti igi láìjẹ́ kí gíáàbọ́ọ̀sì yẹ̀ lórí pákó, ẹ tún kà á. Ká sọ pé 18 ló kù lọ́tẹ̀ yìí. Kílò 48 ni gíáàbọ́ọ̀sì yín, ibi yòówù kó wà lórí pákó náà.

Ọ̀nà yìí tún ń fún yín ní ohun kan sí i. Ẹ fi 48 pín 18, ẹ fi 120 ṣe ìlọ́po rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 45 láti orí tó gbé 30. Ibẹ̀ gan-an ni ìwúwo rẹ̀ dúró sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí wọ́n so okùn ìgbẹ́rù mọ́ ọn ní òkè àmì náà, kò ní fì sápá kan nígbà tí wọ́n bá ń gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí táyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ rà sí jíìpù mi, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lu ihò yí ṣáásì ká. Ṣé ó dáa?"

Má lù ú. Ṣáásì ọkọ̀ àtijọ́ ti ní ìpẹtà tirẹ̀ nínú, ihò tuntun á kàn fún ìsán níbi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ṣe é wà nínú ìtàn Willys. Ní 1940, ohun tí àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ́kọ́ béèrè ni ọkọ̀ tí kò ní ju pọ́ùn 1,300 lọ, tó jẹ́ kílò 590, iye tó wà nínú ìwé LJ10 ọ̀rẹ́ wa òkè yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é pẹ̀lú agbára tí wọ́n fẹ́. Wọ́n gbé e sókè títí ó fi dé 2,160, bíi kílò 980, síbẹ̀ ti Willys ṣì wúwo jù. Ẹ́ńjìnnì alágbára wọn ni Delmar Roos, olórí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó lọ yẹ ọkọ̀ náà wò ní ẹ̀yà-ẹ̀yà: ó gé bóòtù tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó fi irin tó fẹ́lẹ́ rọ́pò níbi tó bá ṣeé ṣe, kódà ó dín ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sí i kù. Gíráàmù lórí gíráàmù ni wọ́n fi dé ibẹ̀.

Ìwọ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti fi kún un: irin ìfàkọ̀ tí wọ́n jó mọ́ iwájú, pọ́tì, irin onílẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì, táyà, ríìmù, dúrọ́ọ̀mù àti ásùlù, ló ń fò sókè sódò ní gbogbo gbágungbàgun, kílò kan tí o bá dín níbẹ̀ á hàn lára ìrìn ọkọ̀ ju kílò kan tí o bá dín nínú bọ́dì lọ. Táyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o ti rí, gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ríìmù rẹ̀, gbé ti tẹ́lẹ̀ náà, kí o fi mẹ́rin ṣe ìlọ́po ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn kí o tó sanwó.