Ọjọ́ méje ní Sri Lanka: ohun tí n kò ní fò

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ọjọ́ méje péré lẹ máa lò ní Sri Lanka, ibi mọ́kànlá lẹ sì ti kọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Erékùṣù náà kéré lójú máàpù, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ kún fún kọ́nà, ọkọ̀ kì í lè sáré.

Tó bá jẹ́ èmi, Sigiriya ni màá kọ́kọ́ mú. Àpáta tó ga tó nǹkan bíi 200 mítà ni, orí rẹ̀ ni Ọba Kashyapa kọ́ ààfin rẹ̀ sí ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 1,000 (orúnkún mi kò tíì gbàgbé), nítorí náà ẹ tètè débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹ ti ibẹ̀ lọ sí Kandy, níbi tí tẹ́ńpìlì tí wọ́n tọ́jú eyín Buddha sí wà. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Rélùweè láti Kandy sí Ella ń gba àárín oko tíì kọjá. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń lọ tààrà, kí ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kò sọ oṣù tí ẹ ń lọ. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án, òjò máa ń pọ̀ lápá Galle, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. Etíkun Trincomalee, ní apá ìlà-oòrùn, ni kí ẹ gbà nígbà náà.

Yala, ọgbà ẹranko igbó, ńkọ́? Bí kì í bá ṣe àmọ̀tẹ́kùn lẹ tìtorí rẹ̀ lọ, ẹ fò ó.