Ọmọ mi fẹ́ ṣe tíátà: ṣé ká san owó tí wọ́n ní ká mú wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọjà Atákúnmọ́sà níbí ní Iléṣà ni mo ti ń tajà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mọ́kànlélógún. Ó ti kọ́ aṣọ rírán yanjú, WAEC rẹ̀ sì pé. Ó ní tíátà lòun fẹ́ ṣe, kò sí ohun tí a sọ tó wọ̀ ọ́ létí. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní olóòtú fíìmù ní ká mú ₦200,000 wá, òun á fún un ní ipa tí gbogbo ayé á fi mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ní àfi kó lọ Yunifásítì Ifẹ̀. Ṣé ká san owó yìí? Èwo ló dáa nínú méjèèjì? Ó tó ọdún mélòó kó tó máa jẹun nídìí iṣẹ́ náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Ẹ má san owó yẹn o. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ló ń wá owó tí yóò fún òṣèré. Kò sí ibi tí òṣèré ti ń ra ipa bí ẹni ra gaàrí. Ilé ẹ̀kọ́ eré lè gba owó ẹ̀kọ́, ìyẹn kò burú, torí ẹ̀kọ́ lẹ ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ sanwó kí ọmọ yín lè hàn nínú fíìmù, owó yín nìkan ló ń wá. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, mo kó owó tí mo fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó wa lọ sí ilé kan, wọ́n gbé kámẹ́rà sí wa lójú fún ọjọ́ kan, fíìmù náà kò sì jáde títí dòní. Ìyá mi kò mọ̀ títí ó fi kú.

Ti yunifásítì ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ní ìdí. Ifẹ̀ tí mo ń gbé yìí kì í ṣe ìlú kékeré nínú ọ̀rọ̀ eré. Ní 1968, Ọlá Rótìmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn ará ìlú pọ̀ ṣeré ní ilé eré Orí Olókun, ní Arúbídì nílùú Ifẹ̀ níbí. Wọlé Ṣóyínká náà ṣe olórí ẹ̀ka eré ní yunifásítì náà. Ẹ̀ka yẹn ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Wọ́n á kọ́ ọmọ yín bí a ṣe ń lo ohùn tí kò fi ní há lọ́jọ́ kẹta, bí a ṣe ń ka ìwé eré títí a ó fi mọ ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń fẹ́, bí a ṣe ń dúró lórí ìtàgé. Ìwé ẹ̀rí náà á sì wúlò fún iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí olùkọ́ lọ́jọ́ tí eré kò bá sí. Ohun tí yunifásítì kò lè ṣe ni pé kò ní olóòtú kankan tó ń dúró de ọmọ yín lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tó bá parí. Àwọn tí mo rí tó tètè ríṣẹ́ nínú wọn ni àwọn tó ń lọ sí lokéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, nígbà ọlidé, tàbí nígbà tí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi kò rí ìjà láàárín ilé ìwé àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ wo Kọ́lá Oyèwọ̀, òṣèré tó ṣe ọba Lápité nínú fíìmù Saworoidẹ. Ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí, ọ̀gá eléré ìtàgé, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sí Ifẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó kàwé títí ó fi di dókítà nínú ìmọ̀ eré, ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọmọ yín á gbé báàgì, á pe àwọn òṣèré lórí fóònù, á ṣe wákápáàsì, ìyẹn ẹni tó kàn gba iwájú kámẹ́rà kọjá, tàbí tó gbé omi wọlé fún àlejò. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, kó tó sọ̀rọ̀ tó kún ẹnu. Lẹ́yìn náà á ṣe fírídọ̀ọ̀mù, bí ti télọ̀ tó kọ́ ọ.

Ibi tí àwọn òbí kì í ti í yé ni ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ àáró: ẹ bá mi ro oko lónìí, èmi á bá yín ro tiyín lọ́la, ẹnì kan kò sanwó fún ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ṣe ń di ṣíṣe. Òṣèré á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni yóò gbà, aṣọ ara rẹ̀ ló sì máa ń kó lọ. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ ṣe fíìmù, ọ̀rẹ́ yẹn á wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tí kò ní oko ro oko? Òṣèré tí kò ní fíìmù tirẹ̀ á máa ṣe àáró fún àwọn ẹlòmíì títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré tẹ́ ẹ mọ̀ fi jẹ́ olóòtú pẹ̀lú.

Bó ṣe rí lórí YouTube náà nìyẹn. Ìkànnì tó ń gbé fídíò gígùn jáde sábà gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó tẹ subscribe, àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín ọdún kan, kó tó lè máa gba owó ìpolówó orí fídíò gígùn. Nínú owó yẹn, YouTube á mú 45 nínú 100, onìkànnì á mú 55. Òṣèré kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ohun tí wọ́n fún un ní lokéṣọ̀n lópin tirẹ̀, bí èèyàn mílíọ̀nù márùn-ún tilẹ̀ wo fíìmù náà. Nígbà tí *A Tribe Called Judah* kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá, Funke Akindele ló ni fíìmù náà.

Ẹ bi mí léèrè ọdún. Funke yìí náà ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1998 la ti ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nínú *I Need to Know*. 2008 ni *Jenifa* jáde tí gbogbo ilé fi mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn, ọ̀pọ̀ ni kò sì rí tiwọn lẹ́yìn ogún ọdún. Òkìkí pàápàá kì í ṣe owó. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tiwa, tó kú ní Iléṣà ní 2018, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó kó owó lé *Ọ̀run Móoru* ní 1982, àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á lẹ́yìn rẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó dùn mí títí dòní.

Ìyá wa, ohun tó mú inú mi dùn jù nínú lẹ́tà yín ni aṣọ rírán yẹn. Ẹ má jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo lokéṣọ̀n ló nílò ẹni tó ń bójú tó aṣọ: ẹni tó mọ̀ pé bùbá tí ìyàwó wọ̀ nígbà tó jáde nílé ló gbọ́dọ̀ wọ̀ nígbà tó dé ọjà, bí wọ́n tilẹ̀ ya ìkejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń sanwó fún onítọ̀hún ju wákápáàsì lọ, wọ́n sì ń pè é padà. Yóò máa wo àwọn àgbà òṣèré lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, yóò máa jẹun, olùdarí á sì mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó yẹ kó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kò bá dé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ rántí. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ nítorí pé obìnrin ni. Odíṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, kì í wáyé nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, kì í sì í wáyé lálẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a lọ ní gbogbo ìgbà, ọ̀gá tí ìyẹn bá bí nínú kì í ṣe ọ̀gá.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ọkùnrin yẹn kọ orúkọ fíìmù mẹ́ta tó ti ṣe sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti olóòtú fíìmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Kí ọmọ yín ra fọ́ọ̀mù JAMB tó ń bọ̀, kó fi ẹ̀ka Dramatic Arts síbẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè fọkàn balẹ̀. Títí ìgbà yẹn, èmi àti ẹgbẹ́ eré wa ń ṣe ìfidánrawò lọ́jọ́ Sátidé ní Ifẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbangba. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ mú un wá, Ìyá wa, kó sì gbé sísọ́ọ̀sì àti téèpù rẹ̀ dání.